Ìdí Ọkọ̀ Tó Ń Mì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ ojú omi wa, oní-fáíbà, ní Igbókòdá ti lé ní ogún ọdún. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré, ìdí ọkọ̀ tó gbé e dúró a máa mì, omi pupa sì ń sun lójú ihò bóòtù tó de ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn. Ṣé ká kàn lẹ fáíbà tuntun lé e? (Òǹkàwé, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Rárá o! Pákó tó wà láàárín awọ fáíbà inú àti tìta ló ti jẹrà. Ihò bóòtù lomi gbà wọlé. Ẹ fi òòlù kékeré kàn án káàkiri: ibi tó le á dún kó, ibi tó ti rà á dún bọ̀ọ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i.

Awọ fáíbà inú ni kí ẹ gé, ẹ fi tìta sílẹ̀ kí ìrísí ọkọ̀ má baà yí. Ẹ gbẹ́ pákó jíjẹrà kúrò pátá, kí ibẹ̀ gbẹ táútáú. Ẹ fi epoxy (àtè líle tí a ń po mọ́ hádínà, èròjà tó ń mú un gan) lẹ plywood méjì tí wọ́n ṣe fún ojú omi pọ̀, mìlímítà 18 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó fi fáíbà bò ó. Epoxy wọ́n lóòótọ́, àmọ́ résìn fáíbà lásán (polyester) kì í di iṣẹ́ àtijọ́ mú tó o. Ẹ má sì fi kún hádínà epoxy kó lè tètè gan. Kò ní gan dáadáa ni.

Ihò bóòtù ńkọ́? Ẹ lu ú tóbi jù bóòtù lọ, ẹ fi epoxy dí i, kó gan, kí ẹ wá tún un lu sáàárín. Bóòtù ò gbọdọ̀ kan pákó mọ́.