Ẹ má gbé ìwé náà pamọ́ fún un

Màmá tí ẹ wà ní Ọ̀bà-Ilé, tí ẹ ní ọmọ yín ọlọ́dún kan ààbọ̀ ti já gbogbo ìdérí inú ìwé aláwòrán rẹ̀, ìyẹn àwọn bébà kéékèèké tí wọ́n ń ṣí láti rí àwòrán tó wà lábẹ́ wọn, tí ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù títí yóò fi gbọ́n: ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ibi tó ti ń ya ni kí ẹ tún ṣe.

Ọmọ ọjọ́ orí yẹn lè fi ìka méjì ṣa ẹ̀wà nílẹ̀, àmọ́ kò tíì mọ ìwọ̀n agbára. Kàkà kó gbé ìdérí sókè, ńṣe ló ń fà á mọ́ra. Ìwé tuntun náà máa ń le, ibòmíì sì wà tí ẹ̀rọ kò gé tán, tí ìdérí ṣì fi bébà tín-ínrín so mọ́ ojú ìwé. Kí ọmọ tó rí i, ẹ fi èékánná la ẹ̀gbẹ́ ìdérí kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣẹ́ ẹ síwá sẹ́yìn títí yóò fi rọ̀, kí ẹ sì lẹ ìrépé aṣọ tó yọ síta díẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, kó lè rí nǹkan dì mú.

Èyí tó ti ya ńkọ́? Ẹ jìnnà sí sẹ́lótéèpù. Ooru á mú kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ yọ́, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, tí ọyẹ́ bá sì dé, á ká kúrò. Aṣọ fẹ́lẹ́ ni kí ẹ gé, kí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò lẹ̀ ẹ́, ìdajì sára ìdérí, ìdajì sára ojú ìwé. Ẹ tẹ́ nylon sábẹ́ ìdérí kí ẹ tó pa á dé. Nylon yìí lọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí, tí gọ́ọ̀mù tó ṣàn á wá lẹ ìdérí pa pátápátá. Ẹ gbé ọmọ ọlọ lé e mọ́jú.

Ní ti kíkà á, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó ṣí gbogbo rẹ̀ tẹ́rùn láìbi í ní nǹkan kan. Tí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́, etí kì í gbọ́. Àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, DeLoache wà lára wọn, tẹ ìwádìí jáde ní 2010 pé àwòrán lásán máa ń kọ́ ọmọdé ní nǹkan tuntun ju ìwé tí àwòrán rẹ̀ ń dìde lọ. Lẹ́yìn tó bá ti ṣeré tó, ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìdérí kan: “Ta ló sá pamọ́ síbí?” Ẹ ka ení, èjì dé àrún nínú yín. Dídákẹ́ yẹn ló ṣòro jù fún àgbà, ẹnu á ti máa yún yín. Bó bá ní “Ewúrẹ́,” ẹ fi ọ̀rọ̀ kan lé e: “Ewúrẹ́ dúdú ni.” Bó bá pe ewúrẹ́ ní ajá, ẹ má kígbe “rárá”, “Ewúrẹ́ ni, wo ìwo rẹ̀” ti tó. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí ẹ bi í nínú ìwé kan, kò sí ní yàrá ìdánwò. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò kàn yín. Èdè tí ẹ ń sọ nílé ni kí ẹ fi sọ àwòrán náà, kódà kó jẹ́ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé.

Tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ yẹ ìwé tó ń dún wò dáadáa. Bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnì ló wà nínú wọn. Bí ọmọrí ibi tí bátìrì wà kò bá ní síkúrù, ẹ má rà á. Ọmọ tó bá gbé bátìrì náà mì, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè jó láàárín wákàtí 2, ilé ìwòsàn ni tààrà, ẹ má dúró wò ó. Ohunkóhun tí ẹ bá fúnra yín lẹ̀ mọ́ ìwé, tó bá lè gba inú páálí róbótó tí wọ́n ń ká tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ kọjá, ó kéré jù fún un.