Èsì: Ọgbà nínú ilé ìwòsàn ìgbèríko

Ẹ béèrè bóyá ìnáwó àṣerégèé ni kí a ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọgbà nínú ilé ìwòsàn tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Lójú tèmi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1984, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Roger Ulrich tẹ ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà: àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ àpò òróòro fún, tí fèrèsé wọn kọjú sí igi, tètè lọ sílé ju àwọn tí ògiri bíríkì ni wọ́n ń wò lọ, wọn kò sì lo oògùn ìrora líle tó wọn. (Aláìsàn 46 péré ni, ẹ má sọ ọ́ di òfin.)

Ilé ìwòsàn Butaro ní Rùwáńdà, tí wọ́n ṣí ní 2011, gan-an ni kí ẹ wò dáadáa. Nítorí pé ikọ́ ẹ̀gbẹ a máa tàn kálẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní afẹ́fẹ́, ìta lábẹ́ òrùlé ni àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà níbẹ̀. Nínú wọ́ọ̀dù, àárín ni wọ́n to ibùsùn sí, kí olúkúlùkù lè máa wo àwọn òkè tó wà níta láti ojú fèrèsé. Kí katakata tó wọ ilẹ̀ tiyín, ẹ kọ́kọ́ sàmì sí àwọn igi tí ẹ kò ní gé.