Ilé Ìṣọ́ Funfun Etí Òkun Tẹsalóníkà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé lóòótọ́ ni pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Ilé Ìṣọ́ Funfun nílẹ̀ Gíríìsì tẹ́lẹ̀? Kí ló dé tí kò funfun mọ́?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Àwọn Ọ́tómánì, ìyẹn àwọn Tọ́kì tó ń ṣàkóso ìlú Tẹsalóníkà nígbà yẹn, ló kọ́ ọ síbi tí odi ìlú ti pàdé òkun. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n. Ní 1826, wọ́n pa àwọn Janissary, ìyẹn àwọn ọmọ ogun àkànṣe ọba Ọ́tómánì, níbẹ̀. Àwọn aráàlú ń pè é ní Ilé Ìṣọ́ Ẹ̀jẹ̀ nígbà náà. Ní nǹkan bí 1890, ẹlẹ́wọ̀n kan fi ẹfun kùn ún látòkè délẹ̀ kí wọ́n lè dá a sílẹ̀. Ẹfun kì í sì í pẹ́ lára ògiri létí òkun: òjò àti atẹ́gùn oníyọ̀ á máa bó o. Wọn ò kùn ún mọ́, ni òkúta bá yọ.

Gíríìsì gba ìlú náà ní 1912. Ilé náà di ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní 1985. Láti 2008, ìtàn ìlú fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Gíga rẹ̀ tó mítà 34, àjà mẹ́fà. Ọ̀nà tó ń lọ́ yípo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni wọ́n ń gbà gòkè, ẹ ó sì máa rí àwọn ihò ìbọn lójú ọ̀nà. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó rọra o.