Epidaurus: ṣé ojúbọ ni àbí ọsibítù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi àti ọkọ mi ń kó àwọn ọmọ lọ sí Gíríìsì lóṣù kẹjọ, a sì fẹ́ ya Epidaurus. Gbogbo ẹni tá a bi ló ní ká wo tíátà àtijọ́ ẹ̀ ká máa lọ. Àmọ́ mo gbọ́ pé ọsibítù nibẹ̀ láyé àtijọ́. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni ká wò?

Ìdáhùn: Ìyá àwọn ọmọ, ẹ kú ìmúra o. Iṣẹ́ mi ni kíkọ́ àwọn ọmọ yunifásítì nítàn ayé àtijọ́, ohun tó sì máa ń bí mi nínú nìyẹn gan-an, bọ́ọ̀sì á já èèyàn sílẹ̀ níwájú tíátà, wọ́n á ju owó wẹ́wẹ́ sílẹ̀ láàárín kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe ń dún lókè, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Tíátà yẹn dáa lóòótọ́, ó ń gba nǹkan bí èèyàn 14,000, àmọ́ àìsàn ló ń gbé àwọn èèyàn wá síbẹ̀.

Ojúbọ Asklepios ni, òrìṣà ìwòsàn àwọn Gíríìkì, ọmọ Apollo tóun náà jẹ́ òrìṣà. Tí aláìsàn bá dé á wẹ̀, á rúbọ, tílẹ̀ bá ṣú á lọ sùn nínú ilé gígùn kan tí wọ́n ń pè ní abaton, kí òrìṣà lè wá bá a lójú àlá. Àwọn tó rí ìwòsàn, wọ́n gbẹ́ ìtàn wọn sára òkúta, ó sì wà ní músíọ̀mù ibẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Ambrosia ará Áténì, olójú kan, tó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé báwo ni arọ á ṣe rìn torí pé ó lálàá. Ó sùn, òrìṣà ní òun á wò ó sàn, àmọ́ kó wá fi ẹlẹ́dẹ̀ fàdákà ta òun lọ́rẹ kí wọ́n máa fi rántí àìmọ̀kan ẹ̀! Ẹ sọ ọ́ fáwọn ọmọ.

Nígbà tó yá, lábẹ́ àwọn ará Róòmù, ó wá ń jọ ti dókítà díẹ̀díẹ̀. Aláìsàn kan tó ń jẹ́ Apellas kọ ọ́ sílẹ̀ pé òrìṣà ní kóun máa jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì, kóun máa sáré, kóun má sì máa bínú jù. Àmọ́ ọsibítù wo ni wọn ò ti gbọ́dọ̀ kú? Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnì kankan ò gbọ́dọ̀ kú síbẹ̀, aboyún ò gbọ́dọ̀ bí síbẹ̀, ìta gbangba làwọn tó fẹ́ kú àtàwọn tó fẹ́ bímọ ń wà, àfìgbà tí Antoninus, sẹ́nétọ̀ Róòmù kan, kọ́lé fún wọn.

Tẹ́ ẹ bá kúrò ní tíátà, músíọ̀mù ló kàn, kẹ́ ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi abaton, wọ́n ti tún apá kan ẹ̀ gbé dìde. Ẹ tètè débẹ̀ láàárọ̀ o, oòrùn oṣù kẹjọ ibẹ̀ ò ṣeé bá ṣeré, kẹ́ ẹ gbé omi dání.