Oúnjẹ Alẹ́ Ẹ̀gbọ́n Dà?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi pé ọmọ òun obìnrin, ẹni ọdún 15, ń kó àwọn ọmọdé mẹ́fà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 8 sí 10 jọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó ń kọ́ wọn ní eré sísá, okùn fífò àti bí a ṣe ń yan oúnjẹ aṣaralóore. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ó gbé ètò náà kalẹ̀, yóò sì gba ìwé ẹ̀rí ní ìparí sáà bí iye àwọn ọmọ náà kò bá dín. Ó ti di ọ̀sẹ̀ méje báyìí tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin aládùúgbò kan ti yọ ọmọ tirẹ̀ kúrò. Ìbéèrè ìyá yìí ni pé, báwo ni òun ṣe lè bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ tí yóò fi dá ọmọ náà padà, kí làálàá ọmọ òun má baà já sí asán?

Ìyá, mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta, ẹsẹ̀ mi kò sì tíì dé orí ìbéèrè yín, nítorí pé gbólóhùn kan wà ní àárín rẹ̀ tí ẹ kọ bí ẹni tí ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Ẹ ní: “Òun fúnra rẹ̀ kì í jẹun alẹ́ mọ́ láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ní ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọdé gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ mi mọ bí a ṣe ń kó ara ẹni níjàánu.” Ìlà mẹ́rin péré lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ń bínú sí aládùúgbò yín, ẹni tí ó ní ọmọ òun, ẹni ọdún 9, ti ń ti àwo oúnjẹ alẹ́ sẹ́yìn, tí ó ń ní ebi kò pa òun. Ẹ ní ńṣe ni ó ń wá ẹ̀sùn sí ọmọ yín lẹ́sẹ̀. Ìlà mẹ́rin! Ọwọ́ kan náà ni ó kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sórí ìwé kan náà, ẹ kò sì rí i pé ọ̀kan ni ó bí èkejì.

Ẹ óò sọ pé ọmọ yín kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó má jẹun. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni ó wá ní dandan ni kí ó pàṣẹ? Ní ọdún 1961, Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìwà ènìyàn, jẹ́ kí àwọn ọmọ kéékèèké wo àgbàlagbà kan bí ó ti ń lu ọmọlángidi ńlá kan. Nígbà tí ó yá tí wọ́n fi àwọn ọmọ náà sílẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọlángidi náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí lù ú bí wọ́n ṣe rí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n lù ú. Ẹ wá wo ọmọ ọdún 9 tí ẹ̀gbọ́n ọlọ́dún 15 ń sáré ṣíwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá ti sú u, ti olùkọ́ ti di orin ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n ti ẹ̀gbọ́n yìí ni ó fẹ́ jọ. Ohun tí ó mú kí irú ètò báyìí lágbára nìyẹn, ohun kan náà ni ó sì lè sọ ọ́ di ewu.

Mo fẹ́ kí ẹ ka ọ̀rọ̀ tí ẹ fi yin ọmọ yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ní ó mọ bí a ṣe ń kó ara ẹni níjàánu. Ẹnu ẹṣin ni a ń fi ìjánu sí, a sì máa ń yọ ọ́ kí ẹṣin tó jẹko. Ta ni yóò yọ ti ọmọ yín?

Láìmọ̀, ẹ tilẹ̀ ya àwòrán ìdí tábìlì yín fún mi. Ẹ ní òun ni ó ń bu oúnjẹ fún gbogbo ilé, òun ni ó ń gbé e wá, tí yóò jókòó tì yín pẹ̀lú ife omi kan lọ́wọ́ títí ẹ óò fi jẹun tán, tí yóò sì kó àwo lọ fọ̀. Ẹ kà á sí ìwà rere ọmọ tí a kọ́ tí ó gbọ́. Èmi kò rí nǹkan mìíràn níbẹ̀ ju ife omi yẹn lọ. Lẹ́tà irú èyí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé nínú gbogbo wọn ni ọmọ tí kì í jẹun ti jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára ìkòkò, tí ń ro oúnjẹ fún ẹlòmíràn, tí ó mọ iye ṣúgà tí ó wà nínú gbogbo nǹkan, tí ìyá rẹ̀ sì ń fi í yangàn. N kì í ṣe dókítà, n kò sì ní jókòó síbí kí n fún ohun tí ń ṣe ọmọ yín lórúkọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 15 ṣì ń dàgbà, egungun rẹ̀ ṣì ń le sí i, ó sì ń sáré ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé oúnjẹ tirẹ̀ ni ó yẹ kí ó lé, dípò kí ó dín.

Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ìmọ̀ràn jáde lórí àwọn ọ̀dọ́langba, níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé pé fífi oúnjẹ du ara ẹni lè ti ọmọ sínú àìsàn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè jẹun bí ó ti yẹ, ó sì tún lè mú kí ó sanra jù lẹ́yìn ọ̀la. Wọ́n ní kí òbí yé sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n ara ọmọ, kí ìdílé sì máa jókòó jẹun pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tiwọn sọ pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ó kéré tán, bí a bá pín in ká ọ̀sẹ̀. Okùn tí ọmọ yín ń kọ́ wọn láti fò dára gan-an fún egungun, n kò ní fi ìyìn rẹ̀ dù ú. Ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí wọ́n ti ní kí ọmọdé fi ebi sùn.

Ohun mìíràn tún wà tí n kò rí nínú lẹ́tà olójú ewé mẹ́ta yìí: àgbàlagbà kan. Ní Kánádà, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Healthy Buddies, níbi tí àwọn ọmọ kíláàsì òkè ti ń kọ́ àwọn ti kíláàsì ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ ń kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n náà kí wọ́n tó lọ kọ́ àbúrò. Ẹ̀kọ́ náà kò sì mọ sí eré ìdárayá àti oúnjẹ nìkan. Kí ọmọ fẹ́ràn ara rẹ̀ bí ó ṣe rí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ta ni ó kọ́ ọmọ tiyín? Ilé ẹ̀kọ́ gbé ètò kalẹ̀, wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì lọ. Ẹ̀yin náà ń wòran láti ojú fèrèsé. Bí ọmọdé bá ń gé igi nígbó, àgbà ni ó mọ ibi tí yóò wó sí. Àgbà wo ni ó wà nínú igbó yìí?

Ní alẹ́ òní, kí ẹ̀yin fúnra yín bu oúnjẹ, kí ẹ bu tirẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má pariwo, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọmọ aládùúgbò halẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má sì mẹ́nu kan ara rẹ̀ rárá, yálà láti bú u tàbí láti yìn ín. Bí ẹ bá ti ku ẹ̀yin méjì, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún un: “Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méje tí mo ti rí ọ tí o jẹun alẹ́ kẹ́yìn. Ọkàn mi kò balẹ̀.” Lẹ́yìn náà kí ẹ dákẹ́, kí ẹ sì gbọ́ tirẹ̀. Yálà ó jẹun tàbí kò jẹ, kí dókítà rí i láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì sọ fún dókítà náà bí òòyì bá ń kọ́ ọ, bí òtútù bá ń mú un nígbà tí kò mú ẹlòmíràn, tàbí bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti dá. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni mo retí pé kí n bá nínú lẹ́tà yín.

Ní ti àwọn ọmọdé náà, ẹ má fi ìbínú gba ètò náà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí yóò kà á sí ìjìyà. Ẹ jẹ́ kí dókítà sọ bóyá ó lè máa sáré nìṣó, kí àgbàlagbà kan sì máa wà níbẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Kí ìwàásù lórí oúnjẹ dúró ná. Bí wọ́n bá fò tán, kí ẹ gbé èso kalẹ̀ kí gbogbo wọn jọ jẹ, ẹni tí kò bá fẹ́ kí ó fi sílẹ̀. Ọmọdé lè tọ́ oúnjẹ tí kò mọ̀ wò tó ìgbà mẹ́wàá kí ó tó gbà á, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Bí ìwé ẹ̀rí bá sì bọ́ nítorí pé ọmọ mẹ́fà di márùn-ún, kí ó bọ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò yín o, ṣùgbọ́n ẹ má lọ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dá ọmọ padà. Ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní ọjọ́ kẹta tí ọmọ rẹ̀ ti àwo sẹ́yìn ni ó wá kan ilẹ̀kùn yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó ṣe tètè rí i.