Ẹ Bi Dókítà Léèrè: Iṣẹ́ Bírò Lọ́wọ́ Dókítà Tuntun

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò àṣekágbá ni, oṣù tó ń bọ̀ ni n ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù. Àìsàn gan-an ò fi bẹ́ẹ̀ bà mí lẹ́rù, torí mo mọ ẹni tí n ó sáré pè bí nǹkan bá dojú rú. Ìwé ló ń dẹ́rù bà mí. Lọ́jọ́ tí mo lọ forúkọ sílẹ̀, òkìtì fọ́ọ̀mù ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́: ti láísẹ́ǹsì, ti ìnṣọ́ránsì, ti àṣírí aláìsàn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí n kọ́kọ́ mọ̀?
Dókítà Tuntun

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú oríire. Ó dára bí ìwé ṣe ń bà ọ́ lẹ́rù. Nígbà tèmi, kò bà mí lẹ́rù rárá, ohun tó sì kó mi sí wàhálà nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ẹnu iṣẹ́, bàbá kan kú mọ́ wa lọ́wọ́ lóru. Rọpárọsẹ̀ ti dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí òtútù àyà tó dé sí i. Èmi ni mo wà níbẹ̀, èmi ni wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí ikú wá bá. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tó pa á, mo kọ "ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró", mo buwọ́ lù ú, mo lọ sùn. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọmọ olóògbé dúró sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó ká ìwé náà sí mẹ́rin mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n ti dá a padà níbi tí wọ́n ti ń forúkọ òkú sílẹ̀. Kò tilẹ̀ bínú. Ó kàn ní, "Dókítà, wọ́n ní ta ló kú rí tí ọkàn ẹ̀ ò dáwọ́ dúró?" Títí dòní, etí mi ń gbóná tí mo bá rántí. Wọn ò rí bàbá wọn sin lọ́jọ́ yẹn nítorí pé oorun ń kùn mí.

Torí náà, ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ ní apá méjì, òun sì ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé. Apá kìíní ní ìlà mẹ́rin. Ìlà òkè ni ohun tó gbẹ̀mí ẹni náà gbẹ̀yìn, ìlà tó tẹ̀ lé e ni ohun tó bí ìyẹn, wàá máa sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wàá fi kan ìdí ọ̀rọ̀. Kò pọn dandan kó o kún gbogbo ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ti bàbá yẹn, òtútù àyà ni ìbá wà lókè, rọpárọsẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru nísàlẹ̀. Àtọ̀gbẹ tó tún ń bá a fínra, tí kò sí lójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù, apá kejì ni tiẹ̀. Ìdí ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ yẹn ni wọ́n sábà máa ń kà nígbà tí ìjọba bá fẹ́ mọ ohun tó ń pa àwọn ará ìlú. Èmi ti fi oorun yọ ẹnì kan kúrò nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru pa.

Fáìlì ló kàn. Ohun tó o bá kọ, fi ọjọ́ àti aago sí i, kó o sì kọ orúkọ rẹ lọ́nà tí ẹlòmíì á fi lè kà á, torí ìbuwọ́lù àwa dókítà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bó o bá ṣì í kọ, fa ìlà kan ṣoṣo gba orí rẹ̀ kọjá kí ojú ṣì lè rí i, buwọ́ lù ú, kó o wá kọ èyí tó tọ̀nà. Má ṣe fi yíǹkì funfun pa á rẹ́ láéláé. Lọ́yà tó bá rí ibi tí wọ́n kùn ní funfun, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan ni yóò máa béèrè.

Lọ́jọ́ kan mo kọ abẹ́rẹ́ insulin sílẹ̀ fún màmá kan: "10U", ìyẹn unit mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì àgbà kan gbé fáìlì náà wá bá mi, ó fi ọwọ́ bo gbogbo ojú ìwé, ó ku nọ́ńbà yẹn nìkan. Ó ní, "Ẹ kà á fún mi." Mo wò ó. 100 ni. U tí mo fi ìkánjú kọ, ẹnu rẹ̀ ti pa dé, ó ti di òdo. Obìnrin yẹn ló gba màmá náà là, ó gba èmi náà là. Ní Amẹ́ríkà, láti 2004 ni àjọ tó ń yẹ àwọn ọsibítù wò ti fi U yẹn sára ohun tí dókítà ò gbọ́dọ̀ kọ mọ́. "Unit" ni kó o kọ, lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Láísẹ́ǹsì ò le: mọ ọjọ́ tó máa parí, má jẹ́ kó bá ọ lẹ́nu iṣẹ́. Ti ìnṣọ́ránsì, ìbéèrè kan péré ni kó o bi wọ́n: bí mo bá kúrò níbí, tí ẹnì kan wá pè mí lẹ́jọ́ lọ́dún mẹ́ta sí i lórí iṣẹ́ tí mo ṣe níbí, ta ló máa dúró fún mi? Kí wọ́n fi ìdáhùn náà sínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ àṣírí, ẹyin lohùn. Ìbúra Geneva tí Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣègùn Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní 1948 ní a ò gbọ́dọ̀ tú àṣírí aláìsàn, kódà lẹ́yìn tó bá ti kú. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ fún mi pé àwọn ti yọ orúkọ kúrò kí àwọn tó fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Orúkọ nìkan kọ́. Mo ti rí obìnrin kan tó dá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mọ̀ nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Àpá tó wà lókè ọrùn ẹsẹ̀ ló fi dá a mọ̀.

Ní 2017 wọ́n fi kún ìbúra náà pé kí dókítà máa tọ́jú ara tirẹ̀ pẹ̀lú. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rántí wa. Bó o bá ti fa àwọn aláìsàn rẹ lé ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó o sọ ẹni tó o ń bẹ̀rù fún jù lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, máa lọ sílé.

ÌBÉÈRÈ: Dókítà mà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n kọ ìwé àìsàn ọjọ́ mẹ́ta fún òun, kí òun fi han ọ̀gá òun. Kò ṣàìsàn, ó kàn fẹ́ sinmi ni. Òun ló san owó ilé ìwé mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wò ó lójú kí n ní n kò kọ ọ́?
Àbúrò

ÌDÁHÙN: Àbúrò, irọ́ tó o bá buwọ́ lù, láísẹ́ǹsì rẹ ni wọ́n máa fi dí i. Sọ fún un bẹ́ẹ̀, tẹ̀rín-tẹ̀rín, lójúkojú, kì í ṣe lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n tèmi náà bẹ̀ mí nírú ẹ̀ rí, mo kọ̀, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó pè mí, ó ní àyà ń dun òun. Mo ní kó tètè gba ọsibítù tó sún mọ́ ọn jù lọ, pé èmi kọ́ ni n ó tọ́jú ẹ̀jẹ̀ mi. Ó lọ. Dókítà tó bá níbẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó sì kọ ọjọ́ márùn-ún fún un.