Itọ́ ń dà lẹ́nu ológbò mi lójijì: kí ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ológbò dúdú kan wà nílé wa, Adúmáadán ni àwọn ọmọ ń pè é. Láti àná ni itọ́ ti ń dà lẹ́nu rẹ̀ ṣọ̀ọ̀rọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, gbogbo àyà rẹ̀ ti rin gbindin. Bí a bá gbé oúnjẹ fún un, á sáré wá, á gbóòórùn rẹ̀, á sì padà sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ iwájú ló fi ń ha ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣáá. Àwọn ará ilé ní kí n rọ epo pupa sí i lẹ́nu, pé bóyá ó jẹ májèlé. Kí ló lè fa irú èyí? (Ìyá Adúmáadán, Agbowó, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀ o, mà. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé epo yẹn sílẹ̀. Epo kì í pa májèlé. Ológbò tí itọ́ ti kún ẹnu rẹ̀ tí kò rí i gbé mì, bí ẹ bá tún da epo lé e, ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, a ó wá máa tọ́jú àìsàn méjì. Mílíìkì àti omi iyọ̀ ńkọ́? Ọ̀kan náà ni wọ́n.

Itọ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Nígbà mìíràn, ara ló ń pèsè rẹ̀ jù, bí ìgbà tí májèlé bá wọ ara tàbí tí èébì ń gbé ẹran náà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, itọ́ kò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹnu tàbí ọ̀fun ló ń dùn ún tí kò fi lè gbé e mì. Èyí kejì ni ọ̀rọ̀ yín jọ lójú mi. Ẹran tí èébì ń gbé kì í sáré sídìí oúnjẹ. Ebi ń pa Adúmáadán, ẹnu ni kò gbà fún un.

Síbẹ̀, ẹ má tíì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ohun méjì wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rò.

Dìgbòlugi ni àkọ́kọ́. Ajá la sábà máa ń mẹ́nu bà, ṣùgbọ́n ológbò náà ń kó o, inú itọ́ ló sì ń gbé. Bí kò bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rí, tó ń jáde lóru, tí ìwà rẹ̀ wá yí padà, tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń yẹ̀, ẹ tì í mọ́ yàrá kan kí ẹ pe dókítà ẹran. Bó bá ti gé ẹnikẹ́ni jẹ tàbí ya á léèékánná, kí onítọ̀hún fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Èkejì ni májèlé, òun ni mo sì máa ń tọ́ pinpin jù nílùú Ìbàdàn yìí. Ta ló fín Sniper sílé? Ta ló ra òtapiapia nítorí eku àti aáyán? Láti 2019 ni NAFDAC ti fòfin de ìgò kékeré 100ml dichlorvos, ìyẹn oògùn tó wà nínú Sniper, síbẹ̀ kò tíì tán nínú ilé wa. Kò di dandan kí ológbò mu ún. Á gba ibi tí ẹ fín in sí kọjá, á jókòó, á máa lá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó parí. Oògùn náà kì í jẹ́ kí iṣan sinmi, gbogbo ibi tí omi ń gbà jáde lára á wá ṣí sílẹ̀: itọ́, omijé, ìtọ̀, ìgbẹ́ gbuuru. Ọmọlójú á sún kì, á kéré jọjọ, kódà nínú òkùnkùn. Ara á máa gbọ̀n. Mímí á nira. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ má dúró ka ìyókù ìwé yìí. Ẹ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ atropine, kí ẹ sì mú ìgò náà dání. Oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin nínú náà lè pa ológbò. Izal tí ẹ fi nu ilẹ̀ sì lè bó o láhọ́n.

Bí ọkàn yín bá ti balẹ̀ lórí méjèèjì, ẹ wá wo ẹnu. Kí ẹnì kan fi táwẹ̀lì wé e, kó ku orí nìkan. Kí ẹlòmíràn di orí mú láti òkè, àtàǹpàkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ìka tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, kó gbé imú rẹ̀ sókè. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ á là díẹ̀. Kó wá fi ìka ọwọ́ kejì tẹ eyín wẹ́wẹ́ iwájú ti ìsàlẹ̀. Kí ọmọ kan tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i.

Àjà ẹnu ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ̀gún ẹja máa ń há ní ìbú láàrin eyín ẹ̀yìn òtún àti tòsì lókè, bí ọ̀pá tí wọ́n fi dábùú ilẹ̀kùn. Bó bá ń mì, ẹ yọ ọ́. Bó bá ti wọnú ẹran, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ tún gbé ahọ́n sókè. Bí télọ̀ bá wà nínú ilé yín, ojú tí ẹ ó fi wo abẹ́ ahọ́n gbọ́dọ̀ mú. Bí ẹ bá rí òwú níbẹ̀, ẹ má fà á, ẹ má gé e. Ìpẹ̀kun òwú kan lè wé mọ́ ahọ́n kí ìpẹ̀kun kejì ti wà nínú ìfun. Ìfun lẹ máa fi fífà yẹn ya.

Egbò lórí ahọ́n, tí ó sì ń sín, tí ojú ń ṣe ipin: kátà ológbò nìyẹn. Òórùn ẹnu àti erìgì pupa: eyín. (Eyín kì í ṣe ohun òjijì, àwa la máa ń ṣàkíyèsí rẹ̀ lójijì.) Ewé kókò ẹ̀yìnkùlé máa ń jó ẹnu, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọ́ ìgbà òjò, aṣọ tútù lẹ ó fi nù ún síta. Oògùn kíkorò á mú ẹnu hó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì tán. Ẹ má fún un ní paracetamol láéláé. Ẹyọ kan lè pa á.

Rírí tàbí àìrí, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Ológbò tí kò jẹun fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta, ọ̀rá máa ń kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ìyẹn sì le ju ẹ̀gún ẹja lọ. Agbowó lẹ wà, Yunifásítì Ìbàdàn ló kọjú sí yín. Ilé ìwòsàn ẹran wà nínú ọgbà wọn. Ẹ mú káàdì àjẹsára rẹ̀ lọ, kí ẹ sì ya fídíò bó ṣe ń ha ẹ̀rẹ̀kẹ́, torí ó lè má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ bó bá débẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fún un ní abẹ́rẹ́ oorun kí wọ́n tó yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ẹ gbà fún wọn. Ìdí ahọ́n ológbò kò ṣeé wò dáadáa nígbà tí kò sùn.